Bí Ẹ Ṣe Lè Rin Partnachklamm, Graseck àti Wamberg Yípo Láì Yí Padà Lágbedeméjì

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń ti Munich lọ sí Garmisch-Partenkirchen, ìlú ẹsẹ̀ òkè Alps ní Jámánì, kì í rí ju ìbẹ̀rẹ̀ ìrìn yìí lọ. Ọ̀sán gangan la máa ń dé, nígbà tí èrò ti kún inú Partnachklamm, àfonífojì tóóró tí odò Partnach gbà kọjá láàárín àpáta. A ó ya fọ́tò níbi tí omi ti ń hó gùdù, bàtà á rin, òtútù á mú ọmọ, a ó sì gba ibi tá a gbà wọlé padà sídìí rélùwéè. Bẹ́ẹ̀ rèé, ibi tá a ti yí padà yẹn gan-an ni ọ̀nà ti yà lọ sí abúlé Graseck, tó la igbó kọjá lọ sórí òkè Eckbauer, tó sì sọ̀kalẹ̀ sí Wamberg, abúlé kékeré kan tó dá wà láàárín pápá. Ó máa ń dùn mí tí ẹnì kan bá sọ pé òun ti rí Partnachklamm tán, tí kò sì gbọ́ ìró agogo ọrùn màlúù Graseck rí.

Ìrìn náà kò le. Kò síbi tẹ́ ẹ ti máa fọwọ́ gun àpáta, ẹ ò sì nílò okùn. Ohun tó ń dá èèyàn padà kò ju mẹ́ta lọ: wọ́n pẹ́ kúrò nílé, bàtà wọn kò dáa, wọn ò sì mọ ibi tó yẹ kí wọ́n yà. Láti ìdíkọ̀ rélùwéè títí ẹ ó fi padà síbẹ̀, ẹ ka ìrìn náà sí wákàtí márùn-ún, kẹ́ ẹ wá fi wákàtí kan àbọ̀ kún un fún oúnjẹ àti ìsinmi. Nǹkan bíi 700 mítà ni ìlú náà fi ga ju ìtẹ́jú òkun lọ. Eckbauer, tó ga jù lójú ọ̀nà wa, jẹ́ 1,237 mítà.

Ohun tẹ́ ẹ máa kó dání

- Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní eyín dáadáa. Kò pọn dandan kó jẹ́ bàtà òkè olówó ńlá, àmọ́ bàtà funfun pẹlẹbẹ tá a fi ń lọ sóde máa yọ̀ lórí òkúta tútù. Sílípáàsì àti sáńdàlì, ẹ fi wọ́n sílé.
- Jákẹ́ẹ̀tì òjò, bí oòrùn tilẹ̀ ń ràn. Omi máa ń kán látara àpáta inú àfonífojì náà lójoojúmọ́. Ẹ má gbé agboorùn. Ọ̀nà ibẹ̀ tóóró, ojú ẹlòmíì ni irin rẹ̀ máa gún.
- Ìbọ̀sẹ̀ kejì, kẹ́ ẹ fi ọ̀rá wé e. Ohun kékeré yìí ló ń mú kí èèyàn lè rìn dé Wamberg.
- Ṣòkòtò gígùn, nítorí eégbọn. Màá padà sórí ọ̀rọ̀ eégbọn nígbà tá a bá délé.
- Omi lítà kan àbọ̀ fún ẹnì kan, àti oúnjẹ tí kò ní bàjẹ́. Tó bá jẹ́ ọjọ́ Àìkú lẹ fẹ́ lọ, ọjọ́ Sátidé ni kẹ́ ẹ ti rà á, torí ọ̀pọ̀ ilé ìtajà ní Jámánì ló máa ń tì lọ́jọ́ Àìkú.
- Owó yúrò lọ́wọ́. Kì í ṣe gbogbo ilé oúnjẹ orí òkè ló ń gba káàdì.
- Máàpù tẹ́ ẹ ti gbà sórí fóònù kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè sọnù láàárín àpáta.
- Páàsípọọ̀tù tàbí káàdì ìgbélùú. Ẹni tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò nínú ọkọ̀ lè béèrè rẹ̀ kó lè fi orúkọ wé orúkọ. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti London pẹ̀lú páàsípọọ̀tù Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ní físà Schengen. Ìwé ìgbélùú Bìrìtìkó kò tó.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ kékeré, ẹ má wulẹ̀ gbé kẹ̀kẹ́ ọmọ dání, kò ṣe é tì nínú àfonífojì náà. Ọ̀já wa ló bá ibẹ̀ mu. Ẹ pọn ọmọ yín, kẹ́ ẹ dé fìlà sí i lórí, kẹ́ ẹ sì máa rántí pé orí rẹ̀ ga díẹ̀ lẹ́yìn yín níbi tí òrùlé àpáta bá ti rẹlẹ̀.

Ìpele 1: Ẹ mú ọjọ́, kẹ́ ẹ sì wádìí bóyá ọ̀nà ṣí

Àárín ìparí oṣù Èbìbí sí oṣù Ọ̀wàrà ló dára jù fún ìrìn yípo. Nígbà òtútù, yìnyín máa ń rọ̀ sára àpáta Partnachklamm bí aṣọ títa, ó sì lẹ́wà púpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà igbó tó ti Eckbauer sọ̀kalẹ̀ á ti di yìnyín yíyọ̀. Nírú àsìkò bẹ́ẹ̀, ẹ wo àfonífojì nìkan kẹ́ ẹ padà.

Ibi tí èèyàn ti ń ṣìṣe ni pé wọ́n á wo ìkànnì ibẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, wọ́n á rí i pé ó ṣí, ó parí. Wọ́n máa ń ti àfonífojì náà láìròtẹ́lẹ̀ tí òjò ńlá bá rọ̀, tí yìnyín orí òkè bá ń yọ́ nígbà ìrúwé, tàbí tí òkúta bá fẹ́ já. Odò Partnach ń gba omi láti àwọn òkè tó yí Zugspitze, òkè tó ga jù ní Jámánì, ká, nítorí náà omi lè pọ̀ nísàlẹ̀ bí òjò kò tiẹ̀ kan yín. Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ tún un wò.

Ẹ wo ojú ọjọ́ pẹ̀lú. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀sán sí ìrọ̀lẹ́ ni àrá sábà máa ń sán ní òkè Alps. Tí wọ́n bá ti ní àrá máa sán ní aago méjì, ẹ gbọ́dọ̀ ti kúrò lórí Eckbauer ṣáájú ìgbà yẹn, tàbí kẹ́ ẹ sún ọjọ́ síwájú.

Ẹ lè lọ sùn ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú tí àpò bá ti wà ní dídì lẹ́nu ọ̀nà, tẹ́ ẹ ti rí aago ọkọ̀ ìlọ, tẹ́ ẹ sì mọ ìkànnì tẹ́ ẹ máa yẹ̀ wò láàárọ̀.

Ìpele 2: Láti Munich dé Garmisch-Partenkirchen

Ọkọ̀ rélùwéè máa ń gbéra ní Munich Hauptbahnhof, ìdíkọ̀ rélùwéè ńlá ìlú náà, ní wákàtí wákàtí, ó sì ń gbà tó wákàtí kan àti nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú sí i. Apá tí wọ́n ń pè ní Starnberger Flügelbahnhof, níbi tí ojú irin 27 sí 36 wà, ló ti sábà máa ń lọ. Ibẹ̀ jìnnà sí ẹnu ọ̀nà ńlá. Ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sílẹ̀ fún rírìn débẹ̀, ọ̀pọ̀ ló ti fojú rí ìdí ọkọ̀ tó ń lọ.

Ní ti tíkẹ́ẹ̀tì, Bayern-Ticket, tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́jọ́ kan fún ọkọ̀ agbègbè ní ìpínlẹ̀ Bavaria (Bayern), dára fún ẹgbẹ́: ó lè gba èèyàn márùn-ún, wọ́n á sì kọ orúkọ wọn sí i. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì, kò ṣiṣẹ́ ṣáájú aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Ẹ ó dé ní nǹkan bí aago mọ́kànlá nìyẹn, ìyẹn sì ti pẹ́ jù fún ìrìn yìí lójú tèmi. Ní Sátidé, ọjọ́ Àìkú àti ọjọ́ ìsinmi ìjọba, ó ti ń ṣiṣẹ́ láti aago méjìlá òru. Ẹni tó ní Deutschlandticket, tíkẹ́ẹ̀tì oṣooṣù fún ọkọ̀ agbègbè jákèjádò Jámánì, lè wọ ọkọ̀ yìí nígbàkígbà.

Ẹ ka ohun tó wà lójú pátákó iná inú ọkọ̀. Wọ́n máa ń pín àwọn ọkọ̀ kan sí méjì ní Tutzing, apá kan á gba Kochel lọ, tí apá kejì á gba Garmisch. Ẹ rí i dájú pé apá tó kọ Garmisch lẹ jókòó sí.

Tẹ́ ẹ bá ti sọ̀kalẹ̀ ṣáájú aago mẹ́sàn-án àbọ̀, gbogbo ìpele tó kù á rọ̀ yín lọ́rùn. Tó bá ti kọjá aago mọ́kànlá àbọ̀, ọ̀nà kúkúrú tí màá sọ ní Ìpele 6 ni kẹ́ ẹ rò.

Ìpele 3: Láti ìdíkọ̀ dé ẹnu géètì

Níbí ni àṣìṣe tó burú jù wà: ẹ má kàn tẹ «Klamm», ìyẹn àfonífojì tóóró lédè Jámánì, sínú máàpù. Àfonífojì mìíràn wà nítòsí tó ń jẹ́ Höllentalklamm, ní apá Hammersbach ní Grainau. Òkè gidi ni tiyẹn, kì í ṣe ìrìn pẹ̀lẹ́. Ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ tẹ̀ ni «Olympia-Skistadion», ìyẹn pápá tí wọ́n ti ṣe eré Òlíńpíìkì ìgbà òtútù ní 1936. Ó tó ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, bọ́ọ̀sì ìlú sì ń débẹ̀. Ẹ ò lè ṣì í: ibi ìfòsókè orí yìnyín tó ga fíofío ló dúró lókè rẹ̀.

Ẹ lo ilé ìtura ní pápá náà kẹ́ ẹ tó tẹ̀ síwájú. Láti ibẹ̀, ọ̀nà tó tẹ́jú ló bá odò lọ, ọkọ̀ àdáni kì í gbà á. Ìrìn nǹkan bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n mìíràn nìyẹn. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin máa ń gbé èrò lójú ọ̀nà yìí. Tí bàbá tàbí ìyá àgbà bá wà pẹ̀lú yín, ẹ gbé wọn gùn ún kí agbára wọn má bàa tán síbẹ̀.

Tí odò bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín tó ń ṣàn bọ̀ wá pàdé yín, tí ẹ̀gbẹ́ òkè méjèèjì sì ń súnmọ́ ara wọn, ọ̀nà lẹ wà. Owó ìwọlé, ẹnu géètì lẹ ti máa san án.

Ìpele 4: Inú àfonífojì

Kò gùn, 700 mítà péré ni. Ṣùgbọ́n àpáta ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ga ju 80 mítà lọ láwọn ibì kan, ibi tó há jù níbẹ̀ sì há débi pé ọ̀run kàn hàn bí ìlà funfun lókè. Inú àpáta gan-an ni wọ́n gbẹ́ ọ̀nà sí: ẹ ó rìn lábẹ́ òkúta tó yọ jáde, ẹ ó wọ inú ihò tí wọ́n gbẹ́, ẹ ó jáde sínú ìmọ́lẹ̀, ẹ ó tún wọlé. Wáyà irin àti ọ̀pá ìdìmú wà lọ́wọ́ tó kọjú sí omi. Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kan àpáta, ẹ ó rí i bí omi ti ha á títí ó fi dán tó sì tẹ̀ kọdọrọ bí inú ìkòkò. Àwọ̀ omi náà ń yí padà: tó bá ti gba ibi tó há, funfun ni, níbi tó bá ti rí àyè sinmi díẹ̀, ó dà bí àwọ̀ ewé tí wọ́n da wàrà sí. Ariwo rẹ̀ ni èmi ò lè ṣàpèjúwe tán. Inú igbá àyà lẹ ti máa kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n kẹ́ ẹ tó fetí gbọ́ ọ.

Nítorí ariwo yìí ni mo ṣe ń tẹnu mọ́ ọn pé kẹ́ ẹ di ọmọdé lọ́wọ́ mú. Ọmọ lè pè yín láti ẹ̀yìn ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta, kẹ́ ẹ má gbọ́. Kí àgbàlagbà kan wà níwájú, kí èkejì wà lẹ́yìn, kí àwọn ọmọ wà láàárín, ní ẹ̀gbẹ́ àpáta.

Àwọn nǹkan mìíràn tó ń kó èèyàn sí wàhálà níbẹ̀: dídúró ya fọ́tò ní kọ́ńà tó há, tí èrò á fi dì lẹ́yìn (ẹ dúró níbi tí ọ̀nà ti fẹ̀, wọ́n pọ̀), yíyọ fóònù sókè odò láì fi okùn rẹ̀ kọ́ ọwọ́, gígun ọ̀pá ìdìmú, àti wíwo omi títí kéèyàn fi forí sọ àpáta. Ẹni tó bá ga, kó máa tẹrí ba nínú ihò. Ẹ yọ awò oòrùn kúrò lójú kẹ́ ẹ tó wọlé, kí ojú lè mọ ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀.

Ẹ má sáré jáde. Ìdajì wákàtí kì í ṣe àṣejù. Ẹ ó mọ̀ pé ẹ ti dé òpin nígbà tí ariwo bá dákẹ́, tí oòrùn kàn yín, tí odò náà sì tẹ́ rẹrẹ lórí òkúta wẹ́wẹ́ funfun. Ẹ jókòó síbẹ̀, ẹ pààrọ̀ ìbọ̀sẹ̀, ẹ mu omi, ẹ jẹ nǹkan díẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá gbẹ níbí á dé Wamberg.

Ìpele 5: Oríta

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń yí padà, tàbí tí wọ́n ti ń ṣìnà, nítorí náà ẹ fara balẹ̀. Pátákó aláwọ̀ ìyeyè ló ń júwe ọ̀nà. Nọ́ńbà orí wọn, àkókò ló ń sọ, kì í ṣe kìlómítà: «1 Std.» túmọ̀ sí wákàtí kan, láì ka ìsinmi.

Ẹ wá «Graseck» àti «Eckbauer». Òsì ni wọ́n wà, lápá ìlà oòrùn odò, ọ̀nà náà sì ń gòkè. Ẹ má tẹ̀ lé «Reintal» tàbí «Reintalangerhütte» bó ti wù kí ó tẹ́jú, kó sì fani mọ́ra tó. Àfonífojì gígùn tó ń lọ títí dé ìdí Zugspitze ni, tó ga tó 2,962 mítà. Ìrìn ọ̀sán kọ́ nìyẹn. Inú ilé orí òkè ni àwọn tó ń gbà á máa ń sùn.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ dúró kẹ́ ẹ tẹ́tí sílẹ̀. Ó yẹ kí ìró odò máa ti ìsàlẹ̀ wá, kí èémí yín sì ti yára díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣì ń bá odò rìn lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹ padà sí oríta.

Ìpele 6: Graseck

Igbó á ṣí lójijì, pápá aláwọ̀ ewé á sì yọ, pẹ̀lú ilé mélòó kan tí igi ìdáná ti wà ní títò sára ògiri wọn láti ilẹ̀ dé abẹ́ fèrèsé, gígé kan náà, tí ìka ò lè wọ àárín wọn. Àgbẹ̀ ló ni pápá yẹn. Koríko tó ga níbẹ̀ ni oúnjẹ màlúù wọn nígbà òtútù, nítorí náà ẹ má gba inú rẹ̀ kọjá, ẹ má tẹ́ aṣọ sórí rẹ̀ jókòó. Wáyà tó yí ibi ìjẹko ká sábà máa ń ní iná. Ẹ kìlọ̀ fún ọmọdé. Tẹ́ ẹ bá ṣí géètì, ẹ tì í padà. Ẹ má sì kọjá láàárín màlúù àti ọmọ rẹ̀.

Ẹ kí èèyàn o! Lójú ọ̀nà òkè, gbogbo ẹni tẹ́ ẹ bá pàdé lẹ ń kí, àgbà àti ọmọdé, bíi ti abúlé wa gẹ́lẹ́. «Grüß Gott» ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́, ẹ ó rí i bí ojú wọn á ṣe tú ká.

Ibí lẹ ti máa pinnu. Tó bá ti kọjá aago kan ọ̀sán, tí àwọsánmà dúdú ń ṣú, tàbí tí orúnkún ẹnì kan ń dùn ún, ẹ gba ọ̀nà tó ti Vordergraseck, apá iwájú Graseck, sọ̀kalẹ̀ padà sẹ́nu àfonífojì àti pápá Òlíńpíìkì. Abúlé, igbó àti àfonífojì, ẹ ti rí díẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Tára bá yá, tí omi tó kù fún kálukú sì tó ìdajì, ẹ máa bọ̀ lókè.

Ìpele 7: Igbó, títí dé Eckbauer

Ọ̀nà náà ń lọ ní wọ́nkọwọ̀nkọ láàárín igi sprúùsì fún nǹkan bíi wákàtí kan. Ẹ má gé e kúrú láti kọ́ńà kan sí èkejì; ibi tí èèyàn bá ń gé kọjá ni òjò máa ń wó. Gbòǹgbò igi tó bá tutù ń yọ̀ ju òkúta lọ, ẹ tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ẹsẹ̀ ẹni tó ń rìn jẹ́jẹ́ jù lọ ni kí gbogbo ẹgbẹ́ tẹ̀ lé. Bí ẹ bá lè sọ̀rọ̀ láì gbá èémí, ìwọ̀n tó yẹ lẹ ń rìn. Kí ẹnikẹ́ni má nìkan ṣáájú lọ.

Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, 112 ni nọ́ńbà tẹ́ ẹ máa pè. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá sí, ẹ fun fèrè tàbí kẹ́ ẹ tan iná ní ẹ̀ẹ̀mẹfà láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ sinmi ìṣẹ́jú kan, ẹ tún un ṣe. Gbogbo ẹni tó mọ òkè ló mọ àmì yẹn.

Ẹ ti dé nígbà tẹ́ ẹ bá rí ilé oúnjẹ àti ìdíkọ̀ ọkọ̀ orí wáyà. Ọkọ̀ náà ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí pápá Òlíńpíìkì, ó sì dára fún ẹni tí ẹsẹ̀ ti rẹ̀. Àmọ́ kì í ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìgbà, nítorí náà ẹ má fi ṣe ìgbẹ́kẹ̀lé láì wádìí láàárọ̀.

Ìpele 8: Wamberg, lẹ́yìn náà ìlú

Ẹ tẹ̀ lé «Wamberg». Ọ̀nà á gba igbó sọ̀kalẹ̀, á sì já sí pápá. Ẹ gé ìṣísẹ̀ kúrú, ẹ tẹ orúnkún díẹ̀, ẹ má ju ara sẹ́yìn. Sísọ̀kalẹ̀ ló ń ba orúnkún jẹ́, kì í ṣe gígòkè.

Wamberg wà ní 996 mítà, ilé rẹ̀ kò pọ̀, ṣọ́ọ̀ṣì St. Anna tó kéré sì wà láàárín wọn. Wọ́n máa ń pè é ní abúlé oníṣọ́ọ̀ṣì tó ga jù ní Jámánì. Ẹ wá àga lẹ́bàá ọ̀nà kẹ́ ẹ kọjú sí àwọn òkè Wetterstein. Èyí tó yọ ṣóńṣó bí igun mẹ́ta ni Alpspitze, 2,628 mítà. Èmi ò mọ ibòmíràn ní agbègbè yẹn tí wọ́n ti hàn kedere báyìí fún ẹni tó kàn fẹsẹ̀ rìn wá.

Ọ̀nà ọ̀dà ló ti ibẹ̀ lọ sí Partenkirchen, gẹ̀rẹ́ rẹ̀ sì le. Ẹ so okùn bàtà le kí ìka ẹsẹ̀ má bàa máa sọ iwájú bàtà. Tẹ́ ẹ bá dé ìtòsí ilé ìwòsàn ìlú, ìlú lẹ dé yẹn. Ẹ wọ bọ́ọ̀sì tàbí kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ rìn dé ìdíkọ̀. Kò sí ìdí fún sísáré, nítorí Bayern-Ticket ṣì ń ṣiṣẹ́ títí di aago mẹ́ta òru.

Ìpele 9: Lálẹ́, nílé

Ẹ yẹ ara yín wò lábẹ́ iná, pàápàá ẹ̀yìn orúnkún, abíyá, ìdí àti ẹ̀yìn etí àwọn ọmọ. Eégbọn igbó Bavaria máa ń gbé àrùn, kékeré rẹ̀ kò sì ju orí píìnì lọ. Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ fi ẹ̀mú tẹ́ẹ́rẹ́ di í mú nítòsí awọ ara, kẹ́ ẹ rọra fà á jáde gbọọrọ. Ẹ má fi òróró pa á, ẹ má fi iná jó o. Ẹ kọ déètì ọjọ́ náà sílẹ̀. Tí òrùka pupa bá ń fẹ̀ sí i lójú ibẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tàbí tí ibà bá dé, ẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà, kẹ́ ẹ sì fi déètì náà hàn án.